Bí ẹ ṣe lè jókòó jẹun nílé oúnjẹ ńlá ní Lọ́ńdọ̀nù, kí ọkàn yín sì balẹ̀

Nígbà tí màámi wá kí mi ní Lọ́ńdọ̀nù lóṣù kẹwàá ọdún 2024, ó ti pé ọdún mẹ́sàn-án tí mo ti ń gbé àwo nílé oúnjẹ ńlá, mi ò sì tíì jókòó jẹun nínú ọ̀kankan rí. Iṣẹ́ mi ni kí n mọ ìgbà tí omi tán nínú ife oníbàárà, kí n mọ ẹni tó fẹ́ bá mi tàkúrọ̀sọ àti ẹni tó fẹ́ kí n fi òun sílẹ̀. Ẹ̀yìn ilé ni mo mọ̀, níbi tí ooru ààrò ti ń gbóná mọ́ni lójú. Mi ò mọ bó ṣe ń rí lára ẹni tó jókòó. Lọ́jọ́ kejì tí màámi dé, ó bi mí pé, “Ibi tó o ti ń ṣiṣẹ́ yìí, ṣé wọn kì í jẹ́ kí irú wa wọlé jẹun ni?” Mo ní ẹnikẹ́ni ló lè wọlé. Ó ní, “Kí ló wá ń dá ìwọ dúró?”

Mi ò rí èsì fọ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó lò lọ́dọ̀ mi, ilé oúnjẹ mẹ́rin la jọ lọ. Látìgbà náà, mo ti mú ará ilé, ará ṣọ́ọ̀ṣì àti ọ̀rẹ́ tó ti Nàìjíríà wá lọ, débi pé àwọn èèyàn ti ń pè mí kí wọ́n tó wọkọ̀ òfurufú. Ohun tí mo rí ni pé ẹni tó ra léèsì àti gèlè fún òde ọjọ́ kan ṣoṣo á rí owó oúnjẹ ọ̀sán san. Ẹ̀rù ló ń dì wá lọ́wọ́: pé wọ́n á máa wo aṣọ wa, pé a ò ní mọ fọ́ọ̀kì tó yẹ ká mú, pé bíìlì á dé, owó inú rẹ̀ á sì ju èyí tó wà lápò lọ. Gbogbo rẹ̀ ló ní bí a ṣe ń ṣe é. Màá sọ ọ́ fún yín bí mo ṣe máa sọ ọ́ fún àbúrò mi.

Ọ̀rọ̀ ìràwọ̀

Ẹ máa gbọ́ tí wọ́n ń ní ilé oúnjẹ kan ní ìràwọ̀ Michelin. Michelin tó ń ṣe táyà ọkọ̀ náà ni. Lọ́dún 1900, wọ́n tẹ ìwé kékeré kan jáde ní Faransé fún àwọn tó ń wa mọ́tò, kí wọ́n lè mọ ibi tí wọ́n ti lè tún ọkọ̀ ṣe, ibi tí wọ́n lè sùn àti ibi tí wọ́n ti lè jẹun. Nígbà tó di 1926, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìràwọ̀ sára orúkọ ilé tí oúnjẹ rẹ̀ dáa gan-an. Mẹ́ta ni ìràwọ̀ mọ. Àwọn tó ń lọ tọ́ ọ wò kì í sọ ẹni tí wọ́n jẹ́. Wọ́n á jẹun, wọ́n á sanwó bíi ti oníbàárà yòókù, wọ́n á sì máa lọ.

Oúnjẹ inú àwo ni wọ́n ń wò. Ẹ fi èyí sọ́kàn, torí ibi àkọ́kọ́ tí màá rán yín lọ ní ìràwọ̀ kan, àmọ́ ògiri funfun lásán ló wà níbẹ̀, bébà ni wọ́n sì tẹ́ sórí tábìlì.

Ọ̀sán ni kí ẹ lọ

Bí ẹ bá gba ohun kan péré lẹ́nu mi, kó jẹ́ èyí: ẹ lọ lọ́sàn-án. Alásè kan náà, ilé ìdáná kan náà, àga kan náà, àmọ́ nílé oúnjẹ púpọ̀, owó ọ̀sán kéré sí ti alẹ́ dáadáa. Wọ́n máa ń ní mẹ́nù ọ̀sán tí wọ́n ti dá iye rẹ̀ lé: àwo méjì tàbí mẹ́ta, iye kan. Ara àwọn agbáwo pàápàá ṣì máa ń yá lọ́sàn-án. Ẹni tó bá wọlé ní aago mẹ́sàn-án alẹ́ ọjọ́ Sátidé, ẹsẹ̀ ti ń ro ẹni tó ń gbé oúnjẹ fún un. Mo sọ ọ́ bí ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ro.

Ẹ gba àyè sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ibi tí orúkọ rẹ̀ bá ti tàn, ẹ wá àyè ní oṣù kan ṣáájú, pàápàá fún ọjọ́ Jímọ̀ àti Sátidé. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Túsìdeè tàbí ọ̀sán ọjọ́ Wẹ́sìdeè máa ń rọrùn rí. Ọ̀pọ̀ ilé kì í ṣí lọ́jọ́ Àìkú àti Mọ́ńdè, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀. Wọ́n á gba nọ́ńbà káàdì yín. Tẹ́ ẹ bá fagi lé e lọ́jọ́ tó ti kù sí dẹ̀dẹ̀, wọ́n á yọ owó lórí rẹ̀, ó sì lè tó iye oúnjẹ odindi. Ibi kan wà tí wọ́n ti máa ń kọ iye wákàtí tí ẹ ní kí ẹ tó fagi lé e. Ẹ kà á, kí ẹ kọ ọ́ sórí fóònù yín.

Ọ̀rọ̀ àkókò ńkọ́? Tẹ́ ẹ bá gba aago kan, aago kan ni. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, wọ́n lè gbé tábìlì yín fún ẹlòmíràn. Ó sì yẹ kí ẹ mọ̀ pé wákàtí méjì ni wọ́n sábà máa ń fún ẹni méjì, torí ẹlòmíràn ti gba tábìlì náà tẹ̀ lé yín. Bí ọkọ̀ bá há, ẹ pè wọ́n kí aago tó lù. Ẹni tó pè, wọ́n máa ń dúró dè é.

Ibi tẹ́ ẹ máa jókòó, ẹ lè béèrè. Ilé oúnjẹ kan wà tí mi ò ní dárúkọ tí wọ́n fi èmi àti ọ̀rẹ́ mi sí tábìlì tó wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn ilé ìyàgbẹ́, bẹ́ẹ̀ tábìlì mẹ́fà ṣófo níwájú. Mo gbà á, torí ojú ń tì mí láti sọ̀rọ̀, mo sì fi gbogbo oúnjẹ náà gbọ́ ìró omi. Ó ṣì ń dùn mí. Lónìí, kí n tó jókòó ni mo ti máa ń sọ ọ́, tẹ̀ríntẹ̀rín: “Ẹ jọ̀ọ́, ṣé a lè jókòó lẹ́bàá fèrèsé?” Nínú ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá, wọn kì í kọ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

Aṣọ

Ọ̀pọ̀ ilé oúnjẹ ńlá ní Lọ́ńdọ̀nù kò béèrè aṣọ kan pàtó mọ́. Aṣọ tó mọ́, bàtà tó bójú mu, ó tó. The Ritz, òtẹ́ẹ̀lì kan ní Piccadilly, lẹ ní láti múra fún ní tòótọ́: kóòtù fún ọkùnrin, kí ẹ má sì wọ jíìnsì dé ibẹ̀. Nípa aṣọ ìbílẹ̀, ẹ wọ̀ ọ́. Ìró àti bùbá òfì ni màámi wọ̀, gbogbo ibi tá a dé ni wọ́n ti ń kí i fún un. Tó bá jẹ́ ilé tó ní òfin aṣọ, ẹ kọ ọ́ síbi tẹ́ ẹ ti ń gba àyè pé aṣọ ìbílẹ̀ yín lẹ máa wọ̀, kó má baà di àríyànjiyàn lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ̀yin ọkùnrin, ẹ ká apá agbádá yín lé èjìká kí ẹ tó nawọ́ mú iyọ̀. Mo ti rí ife wáìnì pupa tí apá agbádá gbá lulẹ̀, aṣọ tábìlì funfun ló gbà á.

St. John: ibi tí mo fẹ́ kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀

Ẹ sọ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin ní Farringdon, kí ẹ rìn lọ sí St John Street, nọ́ńbà 26. Smithfield ni àdúgbò náà, ọjà ẹran ni láti ayébáyé, láti ìgbà tí wọ́n ti ń da màlúù gba ojú títì lọ síbẹ̀. Ilé tí wọ́n ti ń fi èéfín yan ẹran ẹlẹ́dẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni Fergus Henderson àti Trevor Gulliver sọ di ilé oúnjẹ lọ́dún 1994. Èrò Henderson rọrùn: tẹ́ ẹ bá ti pa ẹran, ẹ jẹ ẹ́ tán, láti imú dé ìrù. Àwọn Òyìnbó tó ti ń da inú ẹran nù láti ọjọ́ pípẹ́ rí i bí ohun tuntun. Ṣùgbọ́n àwa tá a mọ ṣàkì, àbọ́dí, ẹ̀dọ̀ àti pọ̀nmọ́? Ilé wa la dé yẹn.

Àwo tó gbajúmọ̀ jù níbẹ̀ ni mùdùnmúdùn inú eegun. Wọn kì í yọ ọ́ kúrò nínú mẹ́nù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojoojúmọ́ ni ìyókù mẹ́nù náà ń yí padà. Eegun màlúù gígùn tí wọ́n gé kúkúrú-kúkúrú, tí wọ́n yan nínú ààrò, ni wọ́n máa gbé wá, pẹ̀lú búrẹ́dì tí wọ́n yan, iyọ̀ òkun tí kò kúnná, àti ewé parsley tí wọ́n po mọ́ àlùbọ́sà kékeré àti omi ọsàn wẹ́wẹ́. Bí wọ́n ṣe ń jẹ ẹ́ nìyí: wọ́n á fún yín ní irin tín-ínrín kan, ẹ fi fa mùdùnmúdùn náà jáde, ẹ tẹ́ ẹ sórí búrẹ́dì nígbà tó ṣì gbóná, ẹ wọ́n iyọ̀ díẹ̀ lé e, kí ẹ wá gbé ewé náà lé e lórí. Ẹ má yọ ewé sílẹ̀. Ọ̀rá pọ̀ nínú mùdùnmúdùn, kíkan ewé náà ló máa jẹ́ kí ẹnu fẹ́ òmíràn.

Màámi gbìyànjú irin náà lẹ́ẹ̀kan. Ó gbé e kalẹ̀. Ó fi aṣọ ìnuwọ́ di eegun mú nísàlẹ̀, ó gbọ̀n ọ́n sórí búrẹ́dì lẹ́ẹ̀mejì, èyí tó kù nínú rẹ̀ sì jáde fọ́nkán, ó ń gbọ̀n, ó ń dán. Lẹ́yìn náà ló gbé eegun sẹ́nu, ó sì fà á. Mo wo apá ọ̀tún, mo wo apá òsì. Ọkùnrin kan tó wọ táì ní tábìlì kejì ń ṣe ohun kan náà gan-an. Nígbà tí màámi gbé eegun náà kalẹ̀, èèyàn lè fi ojú kan wo inú rẹ̀ já. Ó ní, “Nígbà tó o wà ní kékeré, bàbá ẹ ló ń gba eyí tó wà nínú ọbẹ̀. Mi ò jẹ odindi mẹ́rin pa pọ̀ rí láyé mi.”

Ẹni tí kì í jẹ ẹlẹ́dẹ̀, kó sọ ọ́ kó tó pàṣẹ ohunkóhun níbẹ̀, torí ẹlẹ́dẹ̀ pọ̀ nínú oúnjẹ wọn. Kí gbogbo yín sì béèrè madeleine kí ẹ tó jẹun tán. Àkàrà òyìnbó kékeré bí ìkarahun ni. Ìgbà tẹ́ ẹ bá béèrè rẹ̀ ni wọ́n máa tó yan án nínú ààrò, ó sì máa ń pẹ́ díẹ̀.

Rules, fún ẹni tó mọ ẹran ìgbẹ́

Ọdún 1798 ni Thomas Rule ṣí ilé yìí ní Maiden Lane, ní Covent Garden, oyster, ẹran inú ìkarahun òkun, ni wọ́n sì fi bẹ̀rẹ̀. Òun ni ilé oúnjẹ tó pẹ́ jù lọ ní Lọ́ńdọ̀nù, bí àwọn fúnra wọn ṣe ń sọ. (Wiltons ní Jermyn Street tọ́ka sí 1742, àmọ́ ìsọ̀ oyster ni tiwọn nígbà yẹn.) Àwòrán àti ìwo àgbọ̀nrín ló kún ara ògiri, àga pupa rọ̀ bẹ̀dẹ̀bẹ̀dẹ̀, iná kò mọ́lẹ̀ jù.

Ẹran ìgbẹ́ ni kí ẹ jẹ níbẹ̀, ó sì ní àkókò. Òfin ló dá a lé: ẹyẹ grouse láti ọjọ́ kejìlá oṣù kẹjọ, àparò láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án, pheasant láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹwàá. Tẹ́ ẹ bá dé nínú ooru oṣù kẹfà, ẹ má lọ wá àparò níbẹ̀, páì ẹran àti kíndìnrín ni kí ẹ jẹ. Nítorí pé ìbọn ni wọ́n fi ń pa ẹyẹ wọ̀nyí, ọta kéékèèké lè kù nínú ẹran. Ẹ rọra fi eyín tẹ̀ ẹ́. Bàbá màámi, ọdẹ ni ní Ìsẹ́yìn. Nígbà tí agbáwo ń ṣàlàyé ọ̀rọ̀ ọta fún wa, mo túmọ̀ rẹ̀, màámi sì ní kí n sọ fún un pé láti ìgbà tí òun ti hu eyín ni òun ti ń tu ọta ìbọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo.

Ohun tó ṣòro fún un ni pé Òyìnbó fẹ́ kí ẹran ẹyẹ pọ́n díẹ̀ nínú. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi èyí já yín láyà. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kó jinná dáadáa, ẹ sọ bẹ́ẹ̀ nígbà tẹ́ ẹ ń pàṣẹ. Ó lè gbẹ díẹ̀, àmọ́ ẹ̀yin lẹ máa jẹ ẹ́.

Àwọn tó jẹ́ tiwa

Ibí ni ọ̀rọ̀ mi gùn sí. Láàárín ọdún mélòó kan, oúnjẹ ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ti wọ àárín ilé oúnjẹ tó lórúkọ jù ní ìlú yìí. Púpọ̀ nínú àwọn tó ṣe é kì í ṣe àlejò oúnjẹ náà.

Ikoyi ló kọ́kọ́ là á. Jeremy Chan àti Iré Hassan-Odukale ṣí i lọ́dún 2017, wọ́n fi orúkọ Ìkòyí ní Èkó sọ ọ́. Lọ́dún 2022 ló gba ìràwọ̀ kejì, ó sì kó lọ sí 180 The Strand. Kí n sọ òótọ́ fún yín kí ẹ má baà bínú: ilé oúnjẹ Nàìjíríà kọ́, Chan fúnra rẹ̀ kò sì pè é bẹ́ẹ̀. Ó ń mú ata àti èròjà ilẹ̀ wa, ó ń fi wọ́n sára ẹja àti ewébẹ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù wọn tó ń rùn èéfín jẹ́ ohun tí mi ò lè gbàgbé. Àmọ́ owó oúnjẹ alẹ́ níbẹ̀ ju 300 pọ́n-ùn lọ lórí ẹnì kan, odindi ọdún kan ni mo fi tọ́jú owó kí n tó lọ. Ẹ má fi ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Akoko wà ní 21 Berners Street. Aji Akokomi ló dá a sílẹ̀ lọ́dún 2020. Àwo kéékèèké tí alásè ti tò tẹ̀ léra ni wọ́n máa gbé wá, ọ̀kan lẹ́yìn òmíràn. Ẹ ò ní yan nǹkan kan. Fún ẹni tí kò jẹ irú oúnjẹ bẹ́ẹ̀ rí: àwo àkọ́kọ́ lè má ju òkèlè kan lọ. Ẹ fara balẹ̀. Tó bá máa fi di àwo kẹfà, ẹ máa wá ibi tẹ́ ẹ máa fi sí. Tí owó ibẹ̀ bá wúwo, Akokomi kan náà ló ni Akara ní Borough, níbi tí wọ́n ti ń la àkàrà láàárín tí wọ́n ń ki ẹran tàbí edé sí i. Owó rẹ̀ fúyẹ́ dáadáa.

Chishuru ni èmi fẹ́ràn jù. Adejoké Bakare ló ni ín. Ó bẹ̀rẹ̀ nínú ọjà ní Brixton lọ́dún 2020, lẹ́yìn tó jáwé olúborí nínú ìdíje alásè àdúgbò náà. Lọ́dún 2023 ló kó wá sí 3 Great Titchfield Street. Ní oṣù kejì ọdún 2024, òun àti Akoko gba ìràwọ̀ lọ́jọ́ kan náà. Òun sì ni obìnrin aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó máa gba ìràwọ̀ Michelin ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Lọ́jọ́ náà, ẹ̀yìn ilé ìdáná níbi iṣẹ́ mi ni mo ti gbọ́. Ọmọ Ghana tó ń fọ abọ́ ló kọ́kọ́ kígbe, gbogbo wa tá a jẹ́ ọmọ Áfíríkà sì fi iṣẹ́ sílẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú kan.

Chishuru, èdè Hausa ni: ìdákẹ́jẹ́ tó máa ń dé sórí tábìlì nígbà tí oúnjẹ bá dé. Mo rí i fúnra mi. Wọ́n gbé èkuru wá fún wa. Funfun báláú, ó ga sókè díẹ̀, kò ju àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé lọ, ata pupa ló yí i ká bí adágún, hóró tí wọ́n lọ̀ sì wà lórí rẹ̀. Màámi, tó ti ń sọ̀rọ̀ láti ìgbà tá a ti wọ bọ́ọ̀sì, dákẹ́. Ó fi ẹ̀gbẹ́ ṣíbí tẹ èkuru náà, ó wò ó bí i ṣe ń dà padà. “Wọ́n lù ú dáadáa,” ló sọ. Ẹni tó bá ti po ẹ̀wà lílọ̀ rí mọ ohun tó ń sọ: tí ẹ ò bá lù ú kí afẹ́fẹ́ wọnú rẹ̀, èkuru á dì bí òkúta. Ó tọ́ ata náà wò, ó ní ata rodo ni, wọn ò fi ata ṣeré. Lẹ́yìn náà, a ò sọ ohunkóhun títí àwo fi mọ́.

Ìmọ̀ràn mẹ́ta nípa ibẹ̀. Ilé náà kò tóbi, ẹ tètè gba àyè. Tẹ́ ẹ bá lè jẹ ata, ẹ sọ ọ́ fún wọn, kí wọ́n má ro pé ó máa ta yín. Ẹ má sì lọ síbẹ̀ pẹ̀lú ìrètí àwo ìyá alámàlà. Bí ẹ̀bà àti ẹ̀fọ́ rírò tó kún àwo bá wù yín, 805 ní Old Kent Road ló yẹ yín lọ́jọ́ yẹn, ó sì dáa.

Bíìlì

Iye tó wà nínú mẹ́nù ti ní owó orí VAT nínú, ìjọba kò ní béèrè òmíràn. Àmọ́ lẹ́sẹ̀ bíìlì, ẹ máa rí service charge, ìyẹn owó iṣẹ́ àwọn tó tọ́jú yín, 12.5 nínú ọgọ́rùn-ún tàbí 15. Ká ní oúnjẹ ọ̀sán jẹ́ 50 pọ́n-ùn lórí ẹnì kan, tí ẹ sì jẹ́ méjì: 100 pọ́n-ùn, pẹ̀lú 12.50, ó di 112.50. Iye tẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ ní lọ́kàn nìyẹn kí ẹ tó kúrò nílé. Ọ̀pọ̀ ibi ló máa kọ ọ́ pé ẹ̀bùn àtinúwá ni. Tí ìtọ́jú kò bá dáa, ẹ lè ní kí wọ́n yọ ọ́. Tó bá dáa, ẹ san án. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún 2024, oṣù tí màámi dé gan-an, òfin ti ní kí agbanisíṣẹ́ gbé gbogbo owó náà fún òṣìṣẹ́ láìyọ nǹkan kan fún ara rẹ̀. Ẹ ò ní láti fi owó míràn sórí tábìlì.

Omi ni wọ́n fi ń mú ọ̀pọ̀ èèyàn wa. Agbáwo á béèrè pé, “Sparkling or still?”, ìyẹn omi tó ní gáàsì àbí èyí tí kò ní. Méjèèjì, inú ìgò ni, owó sì ni. Èsì tó yẹ ni: “Tap water, please.” Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ilé tó bá níwèé àṣẹ láti ta ọtí fún mímu níbẹ̀ gbọ́dọ̀ fún oníbàárà ní omi ẹ̀rọ lọ́fẹ̀ẹ́ tó bá béèrè. Èmi náà ti bi èèyàn ní ìbéèrè omi inú ìgò yẹn fún ọdún mẹ́sàn-án, torí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe kọ́ wa. Kò sẹ́ni tó ń fojú kéré ẹni tó ní omi ẹ̀rọ lòun fẹ́.

Bákan náà ni wáìnì. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ mu, ẹ fi ìka tọ́ka sí iye kan nínú ìwé náà, kí ẹ ní, “Ohun tó sún mọ́ èyí.” Ẹni tó ń ta wáìnì á mọ̀ pé iye lẹ ń fi hàn òun, kò sì ní jẹ́ kí ẹni tẹ́ ẹ jọ jókòó gbọ́ ọ. Tẹ́ ẹ bá rí “supplement” lẹ́gbẹ̀ẹ́ oúnjẹ nínú mẹ́nù tó ní iye kan, owó àfikún ni.

Nǹkan kéékèèké

Fọ́ọ̀kì àti ọ̀bẹ tó jìnnà sí àwo jù ni kí ẹ kọ́kọ́ mú, kí ẹ máa bọ̀ wá sínú. Tẹ́ ẹ bá ń sinmi, ẹ ya wọ́n síra. Tẹ́ ẹ bá ti yó, ẹ tò wọ́n pọ̀ sójú kan nínú àwo, a ó mọ̀ pé ká wá kó o. Èyí tó bá jábọ́, ẹ fi sílẹ̀, a ó mú òmíràn wá. Ẹ má pàtẹ́wọ́ pe agbáwo, ẹ má ṣe “sss”. Ẹ kàn gbé ojú sókè, kí ẹ na ọwọ́ díẹ̀. Ẹ gbàdúrà sórí oúnjẹ yín bẹ́ ẹ bá fẹ́; mo ti dúró pẹ̀lú àwo lọ́wọ́ kí ìdílé kan tó ṣe àmín.

Ohun tí kò bá yín lára mu, ẹ sọ ọ́ nígbà tẹ́ ẹ ń gba àyè, kí ẹ tún un sọ tẹ́ ẹ bá jókòó. Ẹ̀yin Mùsùlùmí, ẹ béèrè bóyá wáìnì wà nínú ọbẹ̀, torí ó máa ń wà nínú rẹ̀ láìkọ ọ́ sí mẹ́nù, kí ẹ sì béèrè bóyá ẹran náà jẹ́ hàlálì. Wọ́n á dáhùn, wọ́n á sì fi ẹja rọ́pò bó bá gbà bẹ́ẹ̀.

Ní ti The Ritz, lẹ́yìn tí màámi lọ ni mo tó dé ibẹ̀. Ọdún 1906 ni wọ́n ṣí òtẹ́ẹ̀lì náà. Yàrá oúnjẹ rẹ̀, tí John Williams ń darí ilé ìdáná rẹ̀, gba ìràwọ̀ kejì lọ́dún 2025. Wúrà ló wà lára òkè àjà, ojú tábìlì ni wọ́n sì ti ń tanná sí pánkéèkì olómi ọsàn. Ó yẹ fún àyájọ́ ìgbéyàwó. Sweetings ní Queen Victoria Street yàtọ̀ pátápátá: láti 1889, ẹja, ọ̀sán nìkan, ọjọ́ iṣẹ́ nìkan, kò sí gbígba àyè sílẹ̀, ẹni tó bá tètè dé ló ń jókòó. Ẹni tí kò lè jẹun láìsí ata, kó yẹ̀ ẹ́ wò bóyá Veeraswamy ní Regent Street ṣì ṣí, ilé oúnjẹ Íńdíà tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1926.

Lọ́jọ́ tá a lọ sí Chishuru, a rìn dé Oxford Circus, bọ́ọ̀sì 12 ló sì gbé wa padà sí Peckham. Màámi ní òkè lòun máa jókòó sí, níwájú pátápátá. Bá a ṣe ń gba Regent Street lọ, iná ti ń tàn nínú àwọn ilé oúnjẹ, èèyàn ń wọlé, wọ́n ń gba kóòtù lọ́wọ́ wọn. Màámi fi ìka kan gíláàsì. “Ibí yìí ńkọ́?” Mo sọ orúkọ ibẹ̀ fún un. A ò tíì dé iná tó tẹ̀ lé e tó tún fi kan gíláàsì. “Tọ̀hún ńkọ́?”